Ìwé A Game of Thrones dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ìkàwé wa: ẹ bá wa dá sí i

Akọ̀wé Súrùlérè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó padà lọ bá àwọn èèyàn mi lọ́jọ́ Sátidé.

A ní ẹgbẹ́ ìkàwé kan ní Súrùlérè, lágbègbè Adéníran Ògúnsànyà. Ìwé Yorùbá la máa ń kà jù, a sì máa ń ti òyìnbó bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo ní ká ka A Game of Thrones, ìwé tí George R. R. Martin ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1996. Ohun tó mú mi dábàá rẹ̀ ni pé gbogbo wa la mọ fíìmù tí wọ́n fi ṣe, àmọ́ ẹni tó ṣí ìwé náà fúnra rẹ̀ ò pọ̀. Àwọn kan rí tiwọn rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù ìwé ní Ojúẹlẹ́gba, àwọn yòókù ń kà á lórí fóònù.

Ìwé náà nípọn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì lọ́ mọ́ra wọn. Ojú èèyàn mẹ́jọ la fi ń wo ìtàn náà, orúkọ ẹni tó kàn ló sì máa ń wà lókè orí kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ń bá Jon lọ níbi ògiri yìnyín ní àríwá, tí ọkàn rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ibẹ̀, orí tó kàn lè gbé ọ lọ sọ́dọ̀ Daenerys ní òdìkejì òkun, ó sì lè pẹ́ kó o tó gbúròó Jon mọ́. Ìdílé ńlá pọ̀ níbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹranko tó fi ṣe àmì, pẹ̀lú àwọn ìjòyè abẹ́ rẹ̀, àna rẹ̀, ọmọ àlè rẹ̀, àti ìjà tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ti wá pín. Arábìnrin kan tó jẹ́ akáǹtáǹtì ní òun ti ń kọ orúkọ àwọn èèyàn inú rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi sú òun. Ó ní ogun lòun ń retí, ìpàdé ìgbìmọ̀ lòun ń bá pàdé. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà ní tirẹ̀ ní ó pẹ́ tí ìwé kan ti wọ òun lára báyìí, pé ìpàdé ìgbìmọ̀ yẹn gan-an ni ogun. Wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà bọ̀ láti ìpàdé dé ìpàdé, ohùn sì ti ń ròkè.

Ọ̀rọ̀ Ned Stark ló wá bu epo sí i. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ bí ìtàn náà ṣe lọ, kó dúró níbí. Ned ni igbákejì ọba. Ó ṣàwárí pé àwọn ọmọ mẹ́ta tí Ọba Robert ń pè ní tirẹ̀, òun kọ́ ló bí wọn. Jaime, ìbejì ayaba fúnra rẹ̀, ló bí wọn. Dípò kó gbé e tọ ọba lọ, ayaba ló lọ bá nínú igbó òrìṣà tó wà láàfin. Ó ní òun ti mọ̀, kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ kó tètè sá kí ọba tó ti ibi ọdẹ dé. Ayaba ò sá. Nígbà tí wọ́n máa gbé ọba délé, ìmàdò ti ya á nínú, ó kù díẹ̀ kó kú. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n bẹ́ Ned náà lórí. Àwọn kan nínú wa ní òmùgọ̀ ni. Àwọn kan ní ọmọlúàbí ni, wọ́n sì ń bínú sí ẹni tó bá pè é ní òmùgọ̀.

Ìbéèrè mi rèé: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kà á, ṣé gígùn rẹ̀ àti òṣèlú inú rẹ̀ tọ́ sí wàhálà yìí? Ká máa kà á lọ ni, àbí ká pa á tì ká mú òmíràn? Kí lẹ sì rí sí ọ̀rọ̀ Ned?

Ìyá Ìbejì, Fẹ́stáàkì

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi pa á tì ní tèmi, mi ò sì rí ìdí tí mo fi máa padà sí i.

Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ń kà á láàárọ̀, tí mo bá wọ̀ ọ́ ní Mile 2 tí mò ń lọ sí Màrínà. Kì í ṣe pé ìwé gígùn ń bà mí lẹ́rù. Daenerys ló bí mi nínú. Ọmọ ọdún 13 ni nínú ìwé náà, fíìmù ló fi kún ọjọ́ orí rẹ̀. Viserys, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, fà á lé Khal Drogo lọ́wọ́, ọkùnrin alágbára tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, torí ó fẹ́ kí Drogo fún òun lọ́mọ ogun tóun máa fi gba adé bàbá wọn padà. Ọmọ náà ń gbọ̀n. Ó ní ilé lòun fẹ́ lọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, òǹkọ̀wé fẹ́ ká gbà pé ó ti di ìfẹ́ láàárín wọn. Èmi ò gbà. Ọmọbìnrin ni àwọn ìbejì mi, ẹ dákun.

Ẹ jẹ́ kí n tún bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Ta ló rántí Mycah nínú ẹgbẹ́ yín? Ọmọ alápatà ni. Òun àti Arya, ọmọ Ned, jọ ń fi igi ṣeré ìdà lẹ́bàá odò, ni Joffrey ọmọ ọba bá dé, ó fa ìdà gidi yọ, ó fi ya ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́. Arya gbèjà ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìkookò Arya sì bu Joffrey jẹ lápá. Ta ló wá jìyà rẹ̀? Wọ́n wá ìkookò náà tì, ni ayaba bá ní kí wọ́n pa ti Sansa, ẹ̀gbọ́n Arya, èyí tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mycah sá, wọ́n fi ẹṣin lé e bá, wọ́n sì gé ọmọdé náà pa. Omijé bọ́ lójú mi nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni tó jókòó tì mí ń béèrè bóyá wọ́n ti fóònù mi láti ilé ni.

Àmọ́ ìtàn ò dúró bá mi sunkún. Kíá ló ti padà sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́lá, ta ló ń bá ta dìtẹ̀, ta ló fẹ́ jọba. Ẹ̀yin náà ń fa Ned mọ́ ara yín lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ọmọ alápatà. Ìwé tó gùn tó báyẹn, mo retí pé kó láyè fún un.

Ìtàn náà ò sì tíì parí, kẹ́ ẹ mọ̀. Ìwé yìí wulẹ̀ ni àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ rẹ̀. Ìkarùn-ún jáde ní 2011, a ṣì ń retí ìkẹfà. Èmi kì í wọ ọkọ̀ tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ kò sọ ibi tó ń lọ.

Ọmọ Agége

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo fíìmù náà jàre. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ó parí ní 2019. Òpin rẹ̀ ò dùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, àmọ́ ó ṣáà lópin. Èmi ra ìwé náà ní Yábàá, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí i pé orúkọ ìdílé àti ìjòyè ló kún ibẹ̀ láti òkè délẹ̀. Mo gbé e fún àbúrò mi.

Àlàgbà Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó

Akọ̀wé, ẹ máa kà á lọ. Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ tiyín, mo ń bọ̀ síbẹ̀, torí nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ nílẹ̀ yìí, tiyín ló wọ̀ mí lára jù.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí. Ìtàn tí àwọn àgbà fi tọ́ wa dàgbà, orúkọ inú rẹ̀ ò kéré sí ti ìwé yìí. Kòsọ́kọ́ ọmọ ọba gba obìnrin tí wọ́n ti fẹ́ sílẹ̀ de Ẹlẹ́tù Òdìbò, bẹ́ẹ̀ Ẹlẹ́tù Òdìbò ni ìjòyè tó jẹ́ pé láìsí i, wọn kì í fi ọba jẹ l'Ékòó. Ẹlẹ́tù ò gbàgbé. Nígbà tí oyè ṣófo, wọ́n fo Kòsọ́kọ́, Olúwọlé ló jẹ. Wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kan arábìnrin Kòsọ́kọ́, wọ́n lé e kúrò nílùú. Kòsọ́kọ́ dìde, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, ó sá lọ. Ní 1841, ààrá sán ba ààfin, ẹ̀tù ìbọn gbiná, Olúwọlé bá a lọ. Akítóyè tó jẹ́ àbúrò bàbá Kòsọ́kọ́ ló wá jọba. Òun ló ní kí wọ́n pe ọmọ ẹ̀gbọ́n òun padà wálé. Ẹlẹ́tù Òdìbò ní kó má dán an wò. Ọba ò gbọ́. Nígbà tó di 1845, Ogun Olómirò bẹ́ sílẹ̀, Akítóyè sá jáde nílùú, Kòsọ́kọ́ gorí oyè. Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó láti dá Akítóyè padà, Kòsọ́kọ́ àti àwọn tirẹ̀ sì forí lé Ẹ̀pẹ́. Ní 1861, Dòsùmú ọmọ Akítóyè tọwọ́ bọ̀wé, Èkó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbà kí Kòsọ́kọ́ padà wọlé, ni Òṣòdì Tápà, olórí ogun rẹ̀, àti àwọn èèyàn rẹ̀ bá tẹ̀dó sí àdúgbò tí wọ́n bí mi sí.

Obìnrin kan ni wọ́n tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìlú odidi ló bá a lọ. Mi ò gbọ́ ọ rí nílé wa kí ọmọdé ní kí wọ́n yọ Ẹlẹ́tù Òdìbò kúrò níbẹ̀ torí orúkọ ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá yọ ọ́, kí ló kù? Kòsọ́kọ́ á kàn di ọlọ̀tẹ̀, Akítóyè á di ẹni rere, ohun tó mú olúkúlùkù ṣe ohun tó ṣe á sì rá. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni Martin lọ bá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjà oyè tó wà láàárín ìdílé York àti ìdílé Lancaster, tó di ogun ní 1455, wà lára ohun tó fi ṣe ìpìlẹ̀ ìwé rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ kan ṣoṣo. Wọ́n rán ẹnì kan láti pa Bran, ọmọ Ned, lórí ibùsùn àìsàn. Catelyn ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú ọ̀bẹ náà mú títí ìkookò ọmọ náà fi wọlé wá gbà á. Ó gbé ọ̀bẹ lọ sí olú-ìlú láti mọ ẹni tó ni ín. Petyr Baelish, ẹni tí wọ́n jọ dàgbà nílé bàbá rẹ̀, wò ó, ó ní òun ló ni ín tẹ́lẹ̀, àmọ́ òun ta tẹ́tẹ́ níbi ìdíje ẹlẹ́ṣin, Tyrion Lannister, àbúrò ayaba, ló jẹ ẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Irọ́ ni. Catelyn gbà á gbọ́ torí wọ́n jọ ṣe kékeré. Nígbà tó ń padà lọ sílé, ó bá Tyrion pàdé ní ilé ọtí kan lójú ọ̀nà, ó ní kí wọ́n mú un. Bàbá Tyrion gbọ́ pé wọ́n mú ọmọ òun, ó tú àwọn jàǹdùkú rẹ̀ sí ilẹ̀ bàbá Catelyn, wọ́n ń jó abúlé kiri. Gbogbo ogun tí akáǹtáǹtì yín ń retí, ẹnu ọkùnrin kan nínú yàrá kan ló ti jáde, a sì wà níbẹ̀ nígbà tó ń jáde. Ẹni tó bá fo orí yẹn, tó ní ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, á kàn rí iná tó ń jó ni.

Akáǹtáǹtì yẹn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi bẹ̀, kó padà lọ ka ìpàdé ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ tí Ned jókòó sí. Ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ó ti rẹ̀ ẹ́, aṣọ àyálò ló tiẹ̀ wọ̀. Ọba ní kí wọ́n ṣe ìdíje ńlá láti fi yẹ́ ẹ sí: ẹgbẹ̀rún lọ́nà 40 owó wúrà fún ẹni tó bá borí láàárín àwọn ẹlẹ́ṣin nìkan, ká má tíì ka ti àwọn yòókù. Ned béèrè bóyá àpò ìjọba gbà á. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé gbèsè ìjọba ti ju mílíọ̀nù 6 lọ, ìdílé Lannister, ìyẹn ilé bàbá ayaba, ló sì ni bí ìdajì rẹ̀. Ìjòyè tó mójú tó owó, Baelish yìí kan náà, ló ń ròyìn rẹ̀ tẹ́rìn-ín tẹ́rìn-ín. Ned lanu sílẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ta ló ni ìjọba yẹn gan-an? Ẹni tó bá ti ṣòwò rí ní Balógun mọ ìdáhùn kó tó ṣí ojú ewé kejì. Kò sí ìdà kankan nínú orí yẹn, àmọ́ láti ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Ned ò ní bọ́ níbẹ̀.

Ó wá ku òmùgọ̀ àti ọmọlúàbí. Ìyá Ìbejì, ibi tí ọ̀rọ̀ yín wọlé sí nìyí.

Ohun kan wà tí Ned kò lè gbà láyé: kí ọmọdé kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ àgbà. Nígbà tí Robert gba adé, àwọn ọmọ ogun Lannister pa àwọn ọmọ Rhaegar, ẹ̀gbọ́n Daenerys tó jẹ́ àrẹ̀mọ ọba àná, wọ́n fi aṣọ pupa dì wọ́n, wọ́n tẹ́ wọn síwájú ọba tuntun. Ned rí wọn. Robert náà rí wọn, kò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì jà torí ẹ̀. Ìwé náà ò sọ èyí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó lọ. Ó ń padà wá sí Ned lọ́kàn, díẹ̀díẹ̀, láàárín ọ̀rọ̀ mìíràn, débi tí ẹni tó ń kánjú fi lè máà kíyè sí i. Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé Daenerys ti lóyún ní òkè òkun. Ọba ní kí wọ́n rán apànìyàn sí i. Ìgbìmọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ló tọ́, àfi Barristan Selmy, olórí ẹ̀ṣọ́ ọba, tó dúró ti Ned. Ned bọ́ àmì oyè láyà, ó gbé e síwájú ọba, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá Ìbejì, ọmọ tí ẹ̀ ń káàánú fún yìí náà ló fi oyè sílẹ̀ torí rẹ̀. Kò rí i sójú rí.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kẹ́ ẹ tó lọ bá a nínú igbó òrìṣà pẹ̀lú ayaba. Ó mọ ohun tí Robert máa ṣe fún àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn bó bá gbọ́. Ó ti rí ohun tó wà nínú aṣọ pupa. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé ayaba léwu. Ó gbé e lórí òṣùwọ̀n, ó sì yàn. Bákan náà, lálẹ́ tí ọba ń kú lọ, Renly, àbúrò ọba, wá fún un ní ọgọ́rùn-ún idà pé kí wọ́n lọ kó àwọn ọmọ náà lójú oorun. Ó kọ̀. Òun ò ní wọ́ àwọn ọmọ tí ẹ̀rù ń bà jáde lórí ibùsùn. Ẹni tó bá pe èyí ní òmùgọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú ìwọ̀n, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ fún wa bí òun ì bá ṣe gbé ọmọ kékeré lé Robert lọ́wọ́.

Ohun tó tún jẹ́ kí n fẹ́ràn ìwé náà ni pé kò sọ Ned di ère. Robert ń kú lọ, ó ní kí Ned kọ ìwé ìhágún òun. Ọba pe Joffrey ní ọmọ òun. Ned gbé kálàmù, dípò kó kọ orúkọ ọmọ náà, ó kọ ọ́ pé ẹni tí oyè tọ́ sí ni kó jẹ ẹ́. Ó purọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú ikú, torí kò fẹ́ bà á lọ́kàn jẹ́ nígbà tí kò ju wákàtí díẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan lórí bébà ni. Lọ́jọ́ kejì, ayaba gba ìwé náà, ó fà á ya níwájú gbogbo wọn. Nígbà tó sì yá, Ned jáde síwájú èrò, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀dàlẹ̀ lòun, torí wọ́n ní ẹ̀mí Sansa wà lọ́wọ́ wọn. Ìyì tó ti ń ṣọ́ látijọ́, ó fi ra ọmọ rẹ̀ padà. Ọmọdé ló tún fi í ṣe.

Nílé tiwa, ẹ̀yìn Kòsọ́kọ́ la wà. Síbẹ̀ mi ò gbọ́ ọ rí kí àgbà kan níbẹ̀ pe Akítóyè ní òmùgọ̀ torí ó ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa bọ̀ nílé.

Akọ̀wé Súrùlérè

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Mo ti ka ìwé náà parí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò so Daenerys mọ́ igbó òrìṣà rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà lọ wo ibi tí ọba ti ń kú lọ: Robert tiẹ̀ ní kí wọ́n dá apànìyàn tí wọ́n rán sí ọmọbìnrin náà dúró bí àkókò ò bá tíì kọjá. Inú orí kan náà ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn àti ìwé ìhágún.

Ìyá Ìbejì, Fẹ́stáàkì

Bàbá, mo kí yín. Ti àmì oyè tó bọ́ sílẹ̀ yẹn, mi ò kà á débẹ̀. Ó wọ̀ mí lọ́kàn.

Àmọ́ ọkọ mi ti ka ìwé náà parí, mo sì bi í léèrè lánàá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí Ned kó wá láti ilé. Ó ní wọ́n pa gbogbo wọn. Ẹ̀ṣọ́, ìránṣẹ́, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ní ìwà, gbogbo ẹni tó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀ nílé náà. Jeyne, ọ̀rẹ́ Sansa, ọmọ ẹni tó ń bójú tó ilé fún Ned, ń sunkún bàbá rẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n tì í mọ́, kò tiẹ̀ mọ̀ pé bàbá náà ti lọ. Ọmọdé ni Jeyne náà. Ned gbé ọmọ ayaba lórí òṣùwọ̀n, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló gbé Jeyne lé e? Ó ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta á. Ṣé ó ní ẹ̀tọ́ láti fi ti bàbá Jeyne ta á, láìsọ fún un pé ìlẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀?

Ẹ sì jẹ́ kí n bá yín débi ìtàn ti yín náà. Akítóyè pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wálé, ó dáa. Nígbà tí ogun 1845 dé, tí ìbọn 1851 sì tún dé, àwọn wo ni ilé wọn jó? Ìyá àgbà mi máa ń sọ pé àwọn tó sá gba inú ọ̀sà ò mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn jà sí.

Àlàgbà Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó

Ìyá Ìbejì, mi ò ní bá yín jiyàn lórí Jeyne. Ìwé náà fi í sínú yàrá yẹn, tó ń sunkún, kí irú yín lè béèrè ohun tẹ́ ẹ béèrè yìí. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí tèmi: bó bá jẹ́ pé Ned gbé àwọn ọmọ náà lé ọba lọ́wọ́, Mycah mẹ́ta mìíràn là bá kà. Ó ṣẹ̀ ní ti pé kò kọ́kọ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ sọ́kọ̀ kó tó lọ bá ayaba. Ó ti ṣètò ọkọ̀ ojú omi fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, kò ṣètò kankan fún ọmọ ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni mo ti ń bá a wí, kì í ṣe nínú igbó òrìṣà.

Akọ̀wé Súrùlérè

Mo ti tẹ gbogbo èsì yìí jáde sórí bébà, mo máa gbé e dání lọ. A ò ní pa ìwé náà tì. Ohun tí mo máa dábàá ni pé ká fi àwọn orí Ned nìkan ṣe ìpàdé tó ń bọ̀, kí akáǹtáǹtì wa ka ti ìgbìmọ̀ fún wa sókè, kí bàbá tíṣà ka ti igbó òrìṣà, kí a sì fi ìbéèrè Ìyá Ìbejì nípa Jeyne bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìyá Ìbejì, bí ẹ bá ráyè lọ́jọ́ Sátidé, láti Fẹ́stáàkì sí ọ̀dọ̀ wa ò jìnnà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ọkọ yín dání. Ẹni tó ka ìwé náà parí nínú wa ò ju mẹ́ta lọ.